Ìhà-Igi Ayégúnlẹ̀-Àpáta

Agboòrùn Ńlá kọ̀, kò ká mọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tí wọ́n gbé e sókè kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ooru ayé ti pọ̀ jù nígbà náà. Iṣu ń jinná nínú ebè, àwọn odò ńlá ti fà títí wọ́n fi ku ṣínún, àwọn èèyàn sì ń dákú lójú pópó. Ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá hun aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó fẹ̀ ju odindi orílẹ̀-èdè lọ, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí àárín ayé àti oòrùn, wọ́n sì ṣí i síbẹ̀ bí ẹni ṣí agboòrùn. Ètò wọn ni pé kí ó máa ṣí, kí ó sì máa ká bí ó bá ti yẹ, kí oòrùn lè máa dé ilẹ̀ níwọ̀nba. Fún ọdún bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe, gbogbo èèyàn sì ń yìn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ìsokọ́ rẹ̀ há. Agboòrùn wà ní ṣíṣí gbàgà, kò sì ká mọ́. Àwọn tó ń bójú tó o sọ pé yóò tó ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó lè kan ọkọ̀ mìíràn tí yóò lọ tú u.

Ọyẹ́ dé ní oṣù Bélú ọdún náà bó ti máa ń dé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yẹ kó lọ, kò lọ. Ó jókòó ju ìgbà rẹ̀ lọ. Lórí àwọn òkè Èkìtì, omi inú korobá a máa dì kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrì a sì funfun lórí koríko bí iyọ̀. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rò pé eré ni. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi bó ṣe ń dún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di oṣù Èrèlé, kò sí ọmọ tó ń jáde mọ́.

Ìlú kékeré ni Ayégúnlẹ̀-Àpáta, ó wà lórí òkè láàárín àpáta ńláńlá méjì. Bíríkì sísun ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀, àwọn ilé náà sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ló lè rìn kọjá láàárín òmíràn nínú wọn. Ní àkókò ooru, bíríkì wúlò fún wọn, nítorí ó máa ń gba ooru ọ̀sán sínú ara rẹ̀, inú yàrá a sì tutù. Nígbà tí otútù dé, iṣẹ́ kan náà ni bíríkì ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti di ìpalára. Ó ń fa ooru inú yàrá mu, ó ń tú u síta. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ti ògiri yóò rò pé ẹnì kan ń fa ẹ̀jẹ̀ òun. Iná mànàmáná tí wọ́n ń rí láti ara oòrùn ti dínkù gan-an. Díẹ̀ tó kù, ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ ìlọta ló wà fún. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí kálukú ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ti di ẹ̀gbà lásán. Igi ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n fi ń dáná nínú yàrá, èéfín ń ta wọ́n lójú, otútù kò sì lọ. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìlú náà sin ọmọ-ọwọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sin pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń múra de ọyẹ́ kejì ni Ìbídùnní Ọ̀kánlàwọ́n dé. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹni nǹkan bí ogójì ọdún. Ohun tó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni bí ooru ṣe ń wọ ilé àti bó ṣe ń jáde. Ìjọba ló rán an, bí wọ́n ṣe rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí àwọn ìlú orí òkè yòókù. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ògiri, kò ní fẹ́ dákẹ́. Ó ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní awòoru. Awòoru dà bí àwo pẹlẹbẹ onídíńgí. Tí èèyàn bá yí ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ díẹ̀, tí ó sì gbé e sójú, yóò rí ooru bí àwọ̀: ibi tó gbóná á pọ́n bí epo, ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á dà bí ọsàn tó pọ́n, ibi tó tutù á dúdú bí aró.

Ọ̀dọ̀ Lísà Fámúrewá ni wọ́n mú un lọ. Lísà ni olórí àwọn ìjòyè, òun ló sì ń darí ìlú láti ìgbà tí ọba wọn ti wàjà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ga, kò sì tíì tẹ̀. Bíríkì ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sun pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ògiri tó wà nílùú, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kó àwọn ìjòyè àti àwọn ìyá jọ sí yàrá ńlá ilé rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí àlejò bá wá.

Ìbídùnní ṣàlàyé fún wọn pé wọn kò ní fọwọ́ kan bíríkì fúnra rẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ ni kí wọ́n to igi lóòró sí ara ògiri láti inú yàrá, bí egungun ìhà ṣe tò sí àyà ènìyàn, kí wọ́n fi èèpo ìrẹsì kún àárín wọn, kí wọ́n sì fi pákó bò ó. Ìhà-igi ló pè é. Ó ní èèpo ìrẹsì gbígbẹ máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ tí kò bá sì lè rìn kì í jẹ́ kí ooru rìn. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ìgbà tí wọ́n dé orí bí igi náà yóò ṣe jìn tó ni ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn.

“Báwo ló ṣe máa yọ sínú yàrá tó?” Lísà béèrè.

Ìbídùnní na apá rẹ̀, ó fi hàn án láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

“Lára ògiri wo?”

“Gbogbo èyí tó kan ìta, Bàbá.”

“Yàrá wa kò fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí o bá gba bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún, tí o tún gba bẹ́ẹ̀ lápá òsì, ibo la máa tẹ́ ẹní sí?”

Àyè nìkan kọ́ ló ń dùn ún. Igbó tíìkì kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn bàbá wọn gbìn. Ooru ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀, otútù sì ń pa nínú ìyókù, ìlú sì ti fẹnu kò pé wọn kò ní gé èyí tó kù, kí irúgbìn lè wà nílẹ̀ nígbà tí Agboòrùn bá ká. Ìhà-igi tó jìn bí Ìbídùnní ṣe ń wí yóò gba igbó náà tán. Lísà ní kí wọ́n ṣe é ní ìka mẹ́rin péré, kí wọ́n lo igi òrùlé àwọn ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò, kí igbó wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ìjòyè mi orí sí i.

“Bí a bá ṣe é ní ìka mẹ́rin, á sàn ju bó ṣe wà yìí lọ,” Ìbídùnní dáhùn. “Mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n igi fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí ooru jáde ju èèpo ìrẹsì lọ. Tí kò bá jìn, ooru á gba ara rẹ̀ kọjá kíákíá. Àwọn ọmọ tí ẹ sin lọ́dún tó kọjá, Bàbá, inú ilé tó ní iná ni wọ́n kú sí.”

Ìyá méjì nínú àwọn tó bí àwọn ọmọ náà wà níjokòó. Nígbà tó yá, Lísà ní kí wọ́n dán méjèèjì wò. Kí wọ́n ṣe ìka mẹ́rin sí ilé òun, kí wọ́n sì ṣe èyí tó jìn sí ilé ẹlòmíràn, kí gbogbo ìlú fojú ara wọn rí i.

Yèyé Àríkẹ́ ló ní kí wọ́n wá ṣe tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Lísà ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló sì ń gbé ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun níbi tí otútù ti rọ̀ díẹ̀. Wọ́n pè é títí, kò lọ. Ó ní kò sí ohun tó ń gba àyè nínú yàrá òun ju ara òun lọ, kí wọ́n gba ìyókù.

Káfíńtà Dáhùnsí ló ṣe iṣẹ́ náà, Ìbídùnní sì dúró tì í. Igi kọ̀ọ̀kan jìn tó bí wọ́n ṣe wí, ṣùgbọ́n kò nípọn ju ìka méjì lọ, nítorí ibi tí igi bá gbà lára ògiri, ooru ló ń gbà á jáde. Dáhùnsí kò kan igi mọ́ bíríkì tààrà. Ó fi ẹ̀rọ ìlu tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí dá ihò sí àárín bíríkì, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín wọn, torí pé sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ti ń rún, kò lè di nǹkan mú. Ó ki bóòtù sínú ihò náà, ó so apá irin kékeré mọ́ ọn, ara apá irin yìí ló wá de igi mọ́. Báyìí ni àlàfo ìka kan fi wà láàárín igi àti bíríkì. Ìbídùnní ní ibẹ̀ ni ọ̀rinrin yóò máa gbà lọ kí ó má baà jẹ igi. Wọ́n ta aṣọ àpò sẹ́yìn kí èèpo má baà dà sínú àlàfo náà. Wọ́n po èèpo ìrẹsì pọ̀ mọ́ eérú àti ewé dóńgóyárò gbígbẹ nítorí kòkòrò àti eku, wọ́n ń dà á sáàárín igi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè ki, wọ́n sì wá fi pákó bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé Yèyé, èyí tó kọjú sí ọ̀nà ńlá. Ó ní pákó méjì àti èèpo láàárín, wọn a máa ṣí i lọ́sàn-án fún afẹ́fẹ́. Lókè ògiri lápá ọ̀nà kan náà, wọ́n dá ihò èémí kékeré kan sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì funfun bo gbogbo ilẹ̀, Ìbídùnní gbé awòoru lọ sí ilé Lísà, àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e. Ibi tí èèpo wà lára ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí igi wà ló dúdú bí aró. Ìlà dúdú tò gbọọrọ lára ògiri, èèyàn lè ka igi tó wà lábẹ́ pákó láì tú u. Omi inú abọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ti dì lójú. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n lọ sí ilé Yèyé. Ògiri ibẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti igun dé igun. Agbára káká ni wọ́n fi rí ìlà kankan. Omi inú abọ́ wà bó ṣe wà. Yèyé jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo, kò dáná, fìtílà nìkan ló tàn. Ó ní kí àbúrò òun wọlé, kó wá jókòó kí egungun rẹ̀ yọ́.

Lísà jókòó tì í.

“Iná ńkọ́?” ó bi Ìbídùnní.

“Wọn kò ní lè dáná nínú rẹ̀ mọ́, Bàbá. Ilé náà ti dì jù. Èéfín èédú á pa wọ́n sójú oorun. Ìta ni wọ́n á ti máa se oúnjẹ. Ara èèyàn àti fìtílà tó láti mú un móoru.”

“Iná la fi ń mọ̀ pé ènìyàn wà nílé. Ilé tí kò bá ní iná, kí ni yóò gbé ènìyàn débẹ̀?”

“Ooru rẹ̀, Bàbá,” Ìbídùnní wí. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tí wọ́n ti rí láàárọ̀ náà, kò sì ro ìbéèrè náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lísà gbà. Ó lọ sínú igbó tíìkì fúnra rẹ̀, ó sì dúró nígbà tí igi àkọ́kọ́ ṣubú. Dáhùnsí kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó kọ́ wọn níṣẹ́. Ilé tó ní ọmọ-ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ilé àwọn arúgbó. Bọ́sẹ̀dé, opó kan tó ń ránṣọ, ni ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé Yèyé. Ọ̀nà tóóró kan ló là wọ́n láàárín. Ó ní ọmọ kékeré kan, nítorí náà wọ́n tètè ṣe tirẹ̀. Ọyẹ́ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹyẹ ń já bọ́ láti orí igi, síbẹ̀ kò sí ọmọ-ọwọ́ kankan tí otútù pa ní àwọn ilé tí wọ́n ti ṣe. Àwọn ìyá ń wá kí Ìbídùnní lọ́nà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń sùn wọra. Wọ́n ní ilé tilẹ̀ ti pa rọ́rọ́: ẹni tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, ara ilé kejì kò gbọ́ mọ́, ẹni tó bá ń sunkún náà, òun nìkan ló ń gbọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi ìyẹn rín.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí otútù mú jù. Òtútù àyà dá Lísà dúró sílé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná dání, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan lẹ́yìn àwọn ilẹ̀kùn yẹn. Ó ṣí i. Ooru pàdé rẹ̀ lójú. Yèyé wà nílẹ̀ láàárín ibùsùn àti ògiri, ó fi orí lé apá rẹ̀, ó ti fa aṣọ rẹ̀ bo ẹsẹ̀ dáadáa. Lísà rò pé ó sùn ni. Ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípa òtútù àyà rẹ̀. Nígbà tó na ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, kò tutù bí òkú ṣe máa ń tutù ní ọyẹ́, nítorí yàrá náà kò tutù. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà pé ó ti kú.

Nọ́ọ̀sì tó wá yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé ó ṣubú nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Ó ní ìyẹn nìkan kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, láìrí omi mu. Lísà béèrè bóyá wọn ìbá ti rí i gbà là bí ẹnì kan bá tètè dé. Nọ́ọ̀sì náà wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìbídùnní ní òdìkejì ìlú. Nígbà tó dé, wọ́n ti gbé òkú náà kúrò, ṣùgbọ́n Lísà ṣì wà nínú yàrá, ó dúró ti ògiri tó kọjú sí ilé Bọ́sẹ̀dé. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ pákó. Àpá kún ibẹ̀, ihò wẹ́wẹ́, wọ́n pọ̀ débi pé ojú pákó ti fọ́ yángá. Ọ̀pá ìtilẹ̀ Yèyé wà nílẹ̀ níbi tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rúnrún pákó tuntun ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pá náà.

Bọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí, kò sunkún, ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́. Ó ní láyé àná, òun máa ń gbọ́ ikọ́ Yèyé láàárọ̀ bí ẹni pé yàrá kan náà ni wọ́n wà. Lójoojúmọ́ ni ó ń wá bu ẹ̀yinná lọ́dọ̀ òun, tí kò bá wá, òun á lọ wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ilé, kò sí ẹ̀yinná tó ń bù, kò sì sí ikọ́ tí òun ń gbọ́. Òun kọjá níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá. Ó wà ní títì bí gbogbo ilẹ̀kùn ṣe wà. Òun rò pé ara rẹ̀ móoru, ó ń sùn.

“Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà, Dókítà,” ó wí. “Ògiri tó dojú kọ ìyẹn gan-an ni mo fẹ̀yìn tì.”

Ìbídùnní ní kí Dáhùnsí dúró nínú yàrá Yèyé, kí ó fi igi gbá pákó. Òun fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró náà lọ sínú yàrá Bọ́sẹ̀dé, ó sì fi etí lé ògiri. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró títí, ó rò pé bóyá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó padà, ó sì bá Dáhùnsí tó ń mí hẹlẹ. Ó ní kí ó tún un ṣe, kí ó gbá a gidigidi. Dáhùnsí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí ó lè rí i. Igi tó fi ń gbá a ti kán sí méjì.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Ìbídùnní láti fi wọn ògiri ló fi wọ̀n ọ́n: ooru, ọ̀rinrin, ìwúwo, bí bóòtù ṣe lè gbé e tó. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti wọn ohùn. Afẹ́fẹ́ tí kò lè rìn nínú èèpo ìrẹsì kò jẹ́ kí ooru jáde, kò sì jẹ́ kí ohùn jáde. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì ronú kan ẹni tó máa wà ní inú lọ́hùn-ún tí yóò máa pe ènìyàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ bá Lísà nílé. Ó rò pé yóò lé òun lọ, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Lísà wà níbi tí wọ́n ti ń dáná ní yàrá tirẹ̀, èyí tí igi rẹ̀ kò jìn, tí ó ṣì ń tutù.

“Ilé mélòó ló kù?” ó bi í.

“Mẹ́rìndínlógún, Bàbá. Mo ti ní kí Dáhùnsí dáwọ́ dúró.”

“Ọmọ-ọwọ́ wà níbẹ̀?”

“Ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn.”

“Sọ fún un kó padà sẹ́nu iṣẹ́.”

Lísà ti igi kan wọ inú iná.

“Mo mọ̀ pé otútù ìbá ti pa á,” ó wí. “Lọ́dún tó kọjá gan-an, ó kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé otútù ló pa á, gbogbo wa la ìbá gbọ́. A ìbá wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ó sọ fún un pé ìlú yóò ṣe òfin. Láràárọ̀, ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan yóò ṣí ilẹ̀kùn ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀, yóò wọlé, yóò rí ojú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ kó tó jáde. Wọn kò ní kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí i ni. Ìbídùnní mọ bí ooru tí yóò máa bá ilẹ̀kùn jáde ṣe pọ̀ tó. Kò sọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó sì padà lọ tú ẹrù rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìyókù ilé náà kí oṣù tó parí. Igbó tíìkì tán. Ẹni tó bá gòkè lẹ́yìn ìlú báyìí, kùkùté ni yóò rí, ìrì funfun á sì bo orí wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n wá sọ fún Ìbídùnní pé Bọ́sẹ̀dé ń ba ilé rẹ̀ jẹ́. Ó sáré lọ. Bọ́sẹ̀dé ti fi òòlù ṣí pákó kúrò lára ògiri tó kọjú sí ilé Yèyé, ó kúnlẹ̀ sáàárín ìhà-igi méjì, ó ń fi igbá bu èèpo ìrẹsì jáde sínú àpò. Eruku eérú ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Bíríkì ti hàn ní ibì kan, ó pọ́n, ó sì tutù. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ó ti fi aṣọ dí ilẹ̀kùn ibẹ̀ kí otútù má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbídùnní dúró títí ó fi lè mí dáadáa.

“Bọ́sẹ̀dé,” ó wí, “kò sí ẹnì kankan nínú ilé yẹn mọ́.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó tún bu igbá kan. Àpò náà kò dúró dáadáa, ẹnu rẹ̀ ń wó, ìdajì èèpo sì ń dà sílẹ̀. Ìbídùnní kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ẹnu àpò náà mú fún un.